Ẹ KÚ ỌYẸ́, Ẹ KÚ OORU: BÍ ÀWỌN ÒBÍ WA ṢE KỌ́ ÌGBÀ KÁNÒ

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan nípa ìlera, mo kọ́kọ́ sọ fún wọn pé èmi kì í ṣe dókítà. Olùkọ́ ìtàn ni mo jẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní kí n kọ ìtàn náà wá bẹ́ẹ̀. Mo wáá rò ó, mo rí i pé púpọ̀ nínú ohun tí àwa Yorùbá Kánò mọ̀ nípa ìtọ́jú ara, inú ìtàn ni a ti kọ́ ọ, kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́ ni a kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni. Kò sí ìgbà kan nínú ọdún tí Yorùbá kò ní ìkíni tirẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, a ó ní ẹ kú òjò. Bí oòrùn bá mú, ẹ kú ooru. Bí òjò bá dá tí ilẹ̀ gbẹ, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Bí otútù bá mú, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. Bí atẹ́gùn gbígbẹ bá ń fẹ́, tí ètè ń là tí awọ ara ń funfun, ẹ kú ọyẹ́. Ẹni tó bá fetí sí àwọn ìkíni wọ̀nyí yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀wọ̀ nìkan ló wà nínú wọn. Ẹni tó kí ọ pé o kú ọyẹ́ ń béèrè bóyá ara rẹ gbà á. Àwọn òbí wa kó ìkíni wọ̀nyí dání wá sí Òkè Ọya. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ìgbà tí wọ́n ń kí ara wọn kú rẹ̀ kò rí níbí bó ṣe rí nílé.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá mi ti wá, ọyẹ́ a máa fẹ́ fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, a sì tún rọlẹ̀. Àkọ́rọ̀ òjò a dé ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Òjò yóò máa rọ̀ títí di oṣù keje, yóò dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, lẹ́yìn náà ni àrọ̀kúrò yóò wá rọ̀ dé oṣù kẹwàá. Ní Kánò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òjò ń dé lọ́dún. Ìparí oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹfà ni yóò bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹsàn-án ni yóò tán, oṣù kẹjọ tó ń dá nílé gan-an ló sì ń pọ̀ jù níbí. Nínú oṣù bíi méje tó kù, ẹ̀kán òjò kan lè má bọ́. Àwọn Haúsá pín ọdún tiwọn sí mẹ́rin: damina ni ìgbà òjò, kaka ni ìgbà ìkórè, hunturu ni ìgbà ọyẹ́ àti otútù, bazara sì ni ìgbà ooru tó ń ṣáájú òjò. Àwa ní òjò, a ní ẹ̀ẹ̀rùn, a sì ní ọyẹ́ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sí orúkọ kan tí a mú ti ilé wá tó bá oṣù kẹta sí ìkarùn-ún Kánò mu, nítorí pé irú rẹ̀ kò sí nílé.

Kì í ṣe reluwé ló kọ́kọ́ mú Yorùbá dé Kánò o. Kí òyìnbó tó gba ìlú náà ní ọdún 1903 ni adúgbò Ayagi ti wà nínú odi, ibẹ̀ sì ni àwọn oníṣòwò Yorùbá fìdí kalẹ̀ sí. Wọ́n bá onílé gbé, wọ́n fẹ́ ara wọn, wọ́n kọ́lé bí onílé ṣe ń kọ́ ọ, wọ́n sì ń jẹ ohun tí onílé ń jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló jẹ́ pé Haúsá ni wọ́n ń sọ lónìí. Àwọn wọ̀nyẹn ti kọ́ ìgbà Kánò kí àwa tó dé, ṣùgbọ́n a kò bi wọ́n léèrè.

Àwọn tí mò ń sọ ìtàn wọn ni àwọn tó tẹ̀lé ojú irin. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, nígbà tó sì fi máa di ọdún 1912, ọkọ̀ ti ń ti Èkó rìn dé Kánò. Àwọn tó bá a wá ni àwọn òṣìṣẹ́ reluwé fúnra wọn, àwọn akọ̀wé, télọ̀, kápẹ́ńtà, àti àwọn tó ń kó obì Agége àti ti Ìjẹ̀bú wá tà. Ìjọba kò fi wọ́n sínú odi ìlú. Sábọ́n Gàrí ni wọ́n fi wọ́n sí. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: Haúsá tó wá sí Ìbàdàn, Sábó ni wọ́n fi sí, Yorùbá tó wá sí Kánò, Sábó náà ni.

Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni ìlú náà fi ojú rẹ̀ hàn wọ́n. Òjò ọdún 1913 kò rọ̀ bó ṣe yẹ, ọdún 1914 sì di ọdún ìyàn káàkiri ilẹ̀ Haúsá. Ẹni tó ti ilé wá, tó gbà pé bí òjò àkọ́kọ́ bá kùnà àrọ̀kúrò ń bọ̀, wá rí i pé kò sí àrọ̀kúrò níbí.

Ilé ni a ti kọ́kọ́ ṣì í. Ẹ lọ wo ilé àtijọ́ nínú odi Kánò. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Tubali ni wọ́n ń pe ìṣù amọ̀ olórí ṣóńṣó tí wọ́n ń tò léra wọn. Ògiri rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ kéré, òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Oòrùn yóò máa lu ògiri náà láti àárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni ooru yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọ inú yàrá. Nígbà náà, onílé ti kó ẹní rẹ̀ jáde sí àgbàlá tàbí sórí òrùlé. Àwa wá láti ibi tí òjò ti ń wó ilé amọ̀, páànù ni ọlá lójú wa. Bàbá mi máa ń sọ pé ọjọ́ tí wọ́n kan páànù sórí ilé òun ni òun tó gbà pé òun ti di ènìyàn ní Kánò. Páànù náà dára ní oṣù kẹjọ. Ní oṣù kẹrin, nígbà tí ooru lè tó 40 lórí ìwọ̀n Celsius, abẹ́ rẹ̀ dà bí inú ààrò. Ní òru oṣù kìíní, tí ìwọ̀n náà lè wálẹ̀ sí nǹkan bí 12, páànù kan náà a tutù bí omi kànga.

Àwọn òyìnbó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ara wọn. Nígbà ìjọba Lugard, ìlànà wọn ni pé kí ààyè tó fẹ̀ tó yáàdì 440 wà láàárín ibùgbé òyìnbó àti ti aláwọ̀ dúdú. Wọ́n ní nítorí ẹ̀fọn àti nítorí iná ni. Ilé wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbígbòòrò, ó ní fèrèsé ńláńlá tó kọjú síra wọn. Wọn kò sọ ìdí tí fèrèsé náà fi tóbi fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn.

Ọyẹ́ wá ń dá kún un. Eruku tó ń bá ọyẹ́ rìn kì í ṣe ti òpópónà wa nìkan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá, níbi tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ láti ayébáyé. Ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó ń wọ inú ìkòkò ọbẹ̀, ó ń bo ìwé lórí tábìlì. Kí ni ẹni tó ti ilé wá yóò ṣe? Yóò ti fèrèsé. Yóò fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ènìyàn méje yóò sùn sínú yàrá kan, otútù kò ní mú wọn, eruku kò sì ní wọlé. Àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn.

Àrùn kan wà tó ń tẹ̀lé ọyẹ́ àti ooru Òkè Ọya bí òjìji. Sankarau ni Haúsá ń pè é. Àwa ń pè é ní lọ́rùnlọ́rùn, àwọn mìíràn ní yírùnyírùn, nítorí pé ọrùn ẹni tó bá mú a máa le gbagidi. Ibà yóò gùn ún, orí yóò máa fọ́ ọ, yóò máa bì, ìmọ́lẹ̀ yóò sì máa dùn ún lójú. Ó máa ń yára pani. Ọmọ tó ṣeré ní ìrọ̀lẹ́ òní lè má rí ìrọ̀lẹ́ ọ̀la.

Kì í ṣe àrùn tuntun. Ní oṣù kejì àti ìkẹta ọdún 1905, ó jà ní Zungeru, ìlú tí òyìnbó fi ṣe olú ìlú Òkè Ọya nígbà náà. Oṣù kọkànlá ọdún 1904 ni wọ́n bí Nnamdi Azikiwe ní Zungeru yìí kan náà. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí àrùn náà ń jà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó yà sílé wọn ni, bóyá ìwé ìtàn tí mo fi kọ́ni fún ọgbọ̀n ọdún ì bá yàtọ̀.

Kòkòrò tó ń fa àrùn yìí ń gbé inú imú àti ọ̀fun ọ̀pọ̀ ènìyàn láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, tí eruku kún inú rẹ̀, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo inú imú àti ọ̀fun a máa bó. Ibẹ̀ ni kòkòrò náà lè gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀, kó sì dé ibi awọ tó bo ọpọlọ. Ikọ́, sísín, àti itọ́ kéékèèké tó ń ta jáde bí a bá ń sọ̀rọ̀ nítòsí ara wa ló ń gbé e láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Yàrá tí a tì pa, tí ènìyàn méje ń mí sínú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ni ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Bí òjò bá dé, tí afẹ́fẹ́ tún ní ọ̀rinrin, àjàkálẹ̀ náà a máa dáwọ́ dúró.

Ó ti dé ilé wa rí. Oṣù kẹta ọdún 1962 ni, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Àbúrò mi ọkùnrin tó tẹ̀lé mi ti pé ọdún mẹ́ta. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó ní orí ń fọ́ òun. Ìyá mi fún un ní àgbo mu, ó sì gbé e pọ̀n títí ó fi sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tó fẹ́ sọ̀ ọ́ kó wẹ̀ ẹ́, ọrùn ọmọ náà kò tẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọn kò gbé e bọ̀. Ohun tí mo rántí jù ni ọ̀já tí ìyá mi fi pọ̀n ọ́n. Ó wà lórí okùn tí a ń sá aṣọ sí fún ọjọ́ púpọ̀, ẹnikẹ́ni kò ká a, eruku sì bò ó títí tí àwọ̀ rẹ̀ fi yí padà.

Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn kan ní kí bàbá mi kó wa padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wolé-wolé kan, ọmọ Haúsá, wá sí àgbàlá wa. Ó dúró sí àárín yàrá, ó wo fèrèsé tí a fi àkísà dí, ó wo ẹní tó wà nílẹ̀. Ó béèrè pé ènìyàn mélòó ló ń sùn síbẹ̀. Bàbá mi ní méje ni wá tẹ́lẹ̀. Ó ní kí a kó ìdajì ẹní jáde lọ́jọ́ náà, kí a ṣí fèrèsé, kí a má sì tì í títí òjò yóò fi rọ̀. Haúsá ni ó fi sọ ọ́, bàbá mi ló ń túmọ̀ fún ìyá mi. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ, ó ní kí bàbá mi yọ ìkọ́ irin tí a fi ń há fèrèsé. Bàbá mi yọ ọ́. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sínú agolo tó ń kó bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́ ìránṣọ sí.

Láti ọjọ́ náà, òfin ilé wa ni pé láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ títí di òjò àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti fèrèsé. Otútù mú wa dáadáa. Súwẹ́tà ni a fi ń sùn, a ń da kúbùsù bora, a sì ń jí pẹ̀lú eruku nínú etí. Àwọn ará ilé kejì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. N kò ní sọ pé fèrèsé nìkan ló dá àwa tó kù sí, nítorí mo mọ ilé tí fèrèsé wọn ṣí tí àrùn náà sì wọ̀. Ṣùgbọ́n kò tún wọ ilé wa mọ́.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, 1963, dókítà ọmọ ogun Faransé kan tó ń jẹ́ Lapeyssonnie kọ̀wé nípa ibi tí àrùn yìí ti ń jà jù ní Áfíríkà. Ó ní bẹ́líìtì kan ni, ibi tí òjò ọdún kan wà láàárín mìlímítà 300 sí 1,100. Bí a ti mọ bẹ́líìtì náà lónìí, ó ti Senegal lọ dé Ethiopia. Kánò wà nínú rẹ̀ gbáà. Ògbómọ̀ṣọ́ kò sí nínú rẹ̀. Bàbá mi wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà, ó sì sọdá ààlà tí kò sí ọlọ́pàá kankan níbẹ̀.

Ọdún tó burú jù nínú èyí tí ojú mi rí ni 1996. Ní Nàìjíríà lọ́dún náà, àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé àrùn náà mú jẹ́ 109,580, àwọn tó kú nínú wọn jẹ́ 11,717. Mò ń kọ́ni ní Kánò nígbà náà. Ìjókòó méjì ti ṣófo ní kíláàsì mi kí òjò tó dé. Bí mo bá ń pe orúkọ láàárọ̀, tí mo dé orí orúkọ méjèèjì, mo máa ń fò wọ́n. Ó pẹ́ kí ọwọ́ mi tó lè fi gègé fa ìlà lé wọn.

Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tó dára dé. MenAfriVac, tí wọ́n ṣe nítorí oríṣi A tó ń pa wá jù, bẹ̀rẹ̀ ní Burkina Faso ní oṣù kejìlá ọdún 2010, ó sì dé Nàìjíríà ní oṣù kejìlá ọdún 2011. Oríṣi A fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Inú wa dùn, a sì tún padà bẹ̀rẹ̀ sí í ti fèrèsé. Ni oríṣi C bá yọjú. Láàárín oṣù kejìlá ọdún 2016 sí oṣù kẹfà ọdún 2017, ènìyàn 14,518 ni wọ́n fura sí pé ó mú, 1,166 sì kú, Zamfara ló sì jà jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé tó lo abẹ́rẹ́ tuntun tó ń jẹ́ Men5CV, tó ń dènà oríṣi márùn-ún, ìyẹn A, C, W, Y àti X. Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá gbé e dé àdúgbò yín, ẹ má jẹ́ kó kọjá àwọn ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ti ìtorí abẹ́rẹ́ ti fèrèsé. Ọmọ tó bá sì ní ibà, tí ọrùn rẹ̀ le, kì í ṣe àgbo ló kàn, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Àwọn ohun mìíràn tó jẹ mọ́ ọyẹ́ kò gbà mí lákòókò púpọ̀. Àdí ni ìyá mi fi ń pa wá lára nílé, ó ní òun ló ń lé ibà. Kánò ló ti wá mọ̀ pé òrí ló ń dúró lára nínú ọyẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin Haúsá ló sì ti ń rà á. Láwàní tí a rò pé ti ọlá nìkan ni, wọ́n ń fi bo imú àti ẹnu nígbà tí eruku bá ń jà, ọgbọ́n ńlá sì ni. Àwọn tí ọmọ wọn ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde, ìyẹn àwọn SS, mọ̀ pé otútù ọyẹ́ a máa jí ìrora egungun. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi omi tútù wẹ̀ láàárọ̀, ó sì gbọdọ̀ máa mu omi bí òùngbẹ kò tilẹ̀ gbẹ ẹ́, nítorí ọyẹ́ ń fa omi ara jáde láìjẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé òun ń làágùn.

Bí ọyẹ́ bá tán, bazara dé, omi ni gbogbo ọ̀rọ̀. Nílé, inú kọ̀rọ̀ yàrá tó ṣókùnkùn ni a ń gbé àmù sí. Ìyá mi ṣe bẹ́ẹ̀ níbí fún ọdún bíi mélòó kan, omi náà kò sì tutù tó. Ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà fún wa ló fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló ń fi omi pa mọ́ fún afẹ́fẹ́? Ìyá mi gbé àmù jáde sí abẹ́ igi, ní ojú ọ̀nà atẹ́gùn, ó ń wọ́n omi sí i lára. Omi inú rẹ̀ wá ń tutù. Mo ti dàgbà kí n tó mọ ìdí rẹ̀: omi tó ń sun jáde lára ìkòkò ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, bó sì ṣe ń lọ ló ń gbé ooru lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbẹ tó ni omi yóò ṣe tutù tó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tó ṣiṣẹ́ gan-an ní Kánò kì í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Olùkọ́ kan láti Jigawa, Mohammed Bah Abba, lo ọgbọ́n yìí fún oúnjẹ. Ó gbé ìkòkò amọ̀ kan sínú òmíràn, ó da iyanrìn tútù sí àárín méjèèjì, ó fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Tòmátì tí ìbá bàjẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan lè lo ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta níbẹ̀, láìsí iná mànàmáná. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex nítorí rẹ̀ ní ọdún 2000. Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo gbọ́, nítorí mo rò pé ìyá Fúlàní wa náà ní ìpín nínú ẹ̀bùn yẹn.

Àwọn ará wa tó jẹ́ Mùsùlùmí mọ̀ ju èmi lọ nípa ooru yìí, nítorí ó ń bá wọn nínú àwẹ̀. Oṣù Ramadan ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú lọ́dọọdún. Ní nǹkan bí ọdún 33, ó ti yí gbogbo ìgbà ká. Àwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1999 bọ́ sínú ọyẹ́. Ti ọdún 2023 àti 2024 bọ́ sínú bazara gan-an. Ẹni tó dàgbà sínú àwẹ̀ ọyẹ́ kò lè fi ọgbọ́n rẹ̀ gba àwẹ̀ ooru. Alhaji kan tó jẹ́ aládùúgbò wa máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n má ṣe da omi sínú lẹ́ẹ̀kan náà nígbà ìṣínu. Ó ní kí wọ́n máa mu ún díẹ̀díẹ̀ títí di sààrì, kí wọ́n sì fi kunu tsamiya, tí wọ́n ń fi èso àjàgbọn ṣe, kún un. Bó ṣe rí náà nìyí fún oúnjẹ. Ọbẹ̀ kúkà tí àwọn ará Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń pè ní lúrú, tí a fi ewé gbígbẹ sè, ni ìyá mi fi ń rọ́pò ẹ̀fọ́ tútù nígbà tí ẹ̀fọ́ bá wọ́n lọ́jà.

Òjò ní tirẹ̀ mú ẹ̀fọn wá. Nílé, ibà ń ṣe ènìyàn tọdún tọdún, kò ní oṣù kan pàtó. Níbí, ó ń kó ara rẹ̀ jọ sínú oṣù mélòó kan, láti ìgbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí di àsìkò ìkórè, ó sì ń jà bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn apá kan Òkè Ọya láti máa fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní oògùn ibà lóṣooṣù nínú ìgbà òjò, kó tó di pé ó mú wọn. Àrùn onígbáméjì náà ń bá àgbàrá wọ kànga. Ní ọdún 1991, ènìyàn 59,478 ni wọ́n kà tó kó o ní Nàìjíríà, 7,654 sì kú. Ẹ se omi kí ẹ tó mu ún ní oṣù keje sí ìkẹsàn-án, pàápàá ẹ̀yin tí kànga yín kò jìnnà sí ilé ìyàgbẹ́.

Ilé tí bàbá mi kọ́ ni mo ṣì ń gbé, mo ti fi sílíìnì sábẹ́ páànù rẹ̀. Fèrèsé yàrá tí a ń wí yìí kò ní ìkọ́ títí di òní. Ní oṣù kejìlá tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi obìnrin ti Èkó wá lo ìsinmi Kérésìmesì lọ́dọ̀ wa. Ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó fa fèrèsé mọ́ra, ó ń wá ohun tí yóò fi há a. Ó pè mí pé, "Bàbá àgbà, ìkọ́ fèrèsé yìí dà?" Mo lọ gbé agolo bọ́tìnnì wá. Mo mú ìkọ́ náà jáde, ó ti dípẹtà, mo fi lé e lọ́wọ́, mo sì sọ ti àbúrò mi fún un. Kò mọ̀ pé mo ní àbúrò kankan láàárín èmi àti ìyá àgbà tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó béèrè orúkọ rẹ̀. Mo sọ ọ́.

Ó dá ìkọ́ náà padà sínú agolo, ó bọ́ sínú súwẹ́tà mi kan tó tóbi jù ú lọ, ó da kúbùsù méjì bora. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi aṣọ nu eruku kúrò lójú fóònù rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì dùn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ kú ọyẹ́ o."